Láti Customs Street dé Odogunyan: bí òfin tó ń ṣọ́ owó olùdókòwò ṣe fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìròyìn kan jáde tó kan ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú. PZ Cussons Nigeria, tó ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Odogunyan, kéde pé ìyá ilé iṣẹ́ òun ní ìlú ọba fẹ́ ra gbogbo ṣíà tó wà lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín kéékèèké. Ìyá ilé iṣẹ́ náà ti ní 73.27 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀. Ìyókù ló ń wá, kó lè yọ orúkọ PZ kúrò lórí ọjà ṣíà Nàìjíríà pátápátá. Náírà 21 ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé ṣíà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di 23.

Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá délẹ̀, agbára onípìn-ín kékeré kì í tó nǹkan. Ibi tí òun ti ń ka ṣíà tirẹ̀ ní 500 tàbí 1,000, bílíọ̀nù ni ẹni tó dojú kọ ọ́ fi ń ka tirẹ̀. Kò lówó agbẹjọ́rò tó máa bá ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣòwò ní Nàìjíríà láti 1899 fà á. Síbẹ̀, ní 2024, Securities and Exchange Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí SEC, yẹ ìwé tí PZ fi béèrè fún àṣẹ náà wò, ó sì ní òun kò ní fọwọ́ sí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. PZ ò kúrò lórí ọjà.

Ó yẹ kéèyàn béèrè ibi tí àjọ kan ti rí irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Wọn ò bí i mọ́ ọn. Ó gbà tó ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnu náà tó mú, ní ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí owó aráàlú bá ti wọmi tán ni wọ́n máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ òfin tó yẹ kó ti dá a dúró.

Kí ìjọba tó dá sí ọ̀rọ̀ owó rárá, àjọ àti èsúsú ti wà ní ọjà Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́. Samuel Johnson mẹ́nu kan èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ. Ní 1952, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ odindi àpilẹ̀kọ jáde lórí rẹ̀. Ojú tí wọ́n mọ ara wọn ló ń ṣọ́ owó yìí. Alájọ mọ ìsọ̀ oníbàárà, oníbàárà mọ agboolé alájọ. Ẹni tó bá kó owó àwọn ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ jẹ, kò sí bó ṣe fẹ́ gba ọjà Ayétòrò kọjá mọ́, ìdílé rẹ̀ á sì gbọ́ ọ sétí títí. Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ibi tó ti ń kùnà ni ibi tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀, tó dọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀ rí.

Báǹkì ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn èèyàn Èkó ní ẹ̀kọ́ yẹn. Industrial and Commercial Bank tí àwọn ọmọ ilẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1929 kò pẹ́ tó fi wó. Nigerian Mercantile Bank tẹ̀lé e ní 1931, òun náà kò sì pé ọdún mẹ́wàá. Ní 1933, Akínọlá Májà, T. A. Doherty, Hamzat Subair àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá National Bank of Nigeria sílẹ̀, ìyẹn sì dúró. Àmọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, báǹkì hù káàkiri láìsí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó lọ́kọ̀ọ̀kan, tàwọn ti owó tí àwọn oníṣòwò kéékèèké kó sínú wọn. Ìjọba amúnisìn wá gbé òfin báǹkì jáde ní 1952. Ẹni tí báǹkì tirẹ̀ ti wó kò rí nǹkan kan jẹ nínú òfin náà.

Ọ̀rọ̀ ṣíà àti bọ́ǹdì gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní 1946, ìjọba amúnisìn yá 300,000 pọ́n-ùn lọ́wọ́ aráàlú láti fi ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè ọlọ́dún mẹ́wàá, pẹ̀lú èlé 3¼ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ wáyé ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tí ẹni tó ra ìwé náà ti lè tà á bí owó bá ká a lára. Ní 1958, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n R. H. Barback láti wò ó bóyá Nàìjíríà ti tó ní ọjà ṣíà tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní ó ti tó. Ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959 ni báǹkì àpapọ̀ ṣílẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 1960, bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú òmìnira, wọ́n forúkọ Lagos Stock Exchange sílẹ̀.

Orúkọ méje ló wà lórí ìwé ìdásílẹ̀ náà, ó sì yẹ kéèyàn kà wọ́n, nítorí wọ́n fi irú ọjà tí wọ́n ń dá sílẹ̀ hàn. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta: C. T. Bowring, John Holt àti Investment Company of Nigeria. Èèyàn mẹ́rin: Sir Odumegwu Ojukwu, ọlọ́kọ̀ ẹrù tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ọjà náà, Olóyè Theophilus Adébáyọ̀ Doherty, ẹni National Bank ọjọ́ kìíní, Alhaji Shehu Bukar, àti Akíntọ́lá Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di akáǹtáǹtì oníwèé ẹ̀rí, tó gbé ayé títí di 2023 tó fi papò dà lẹ́ni ọdún 104. Inú ilé báǹkì àpapọ̀ ni wọ́n ti ṣòwò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹfà 1961. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, oríṣi ìwé owó 19 ló wà lórí pátákó.

Òfin tó gbé ọjà náà ró, ti 1961, kúrú. Ó fún ọjà náà ní àṣẹ láti máa darí ara rẹ̀, ó sì dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí kò bá sí lára wọn. Àwọn ọlọ́jà ni adájọ́ ara wọn. Ní ọdún yẹn, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò tíì bá Èkó ṣe. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó wà ní Ìbàdàn ló ń darí wọn, títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣíà láti Ẹ̀pẹ́ gbọ́dọ̀ wọ Èkó lọ wá alágbàtà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n máa fi dá a lóhùn.

Ní 1962, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ báǹkì àpapọ̀ láti máa wo ẹni tó bá fẹ́ ta ṣíà fún aráàlú. Capital Issues Committee ni wọ́n pè é. Ìmọ̀ràn ló lè gbani. Kò sí òfin kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó lè fi múni. Òfin tí ìjọba Ọ̀gágun Gowon ṣe ní 1972, tó ní kí àwọn àjòjì ta apá kan ilé iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà, ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Lójijì, ilé iṣẹ́ ńláńlá ń wá ẹni tó máa ra ṣíà wọn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ sọ iye tí wọ́n máa tà á. Ní 1973, ìgbìmọ̀ ọjọ́sí di Capital Issues Commission, òfin sì fún un lágbára láti dá iye lé ṣíà, kó yan àkókò tí wọ́n máa tà á, kó sì sọ iye tí wọ́n máa tà.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká dúró wò. Nígbà tí ọjà ṣíà Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929, òfin tí wọ́n ṣe ní 1933 àti 1934 kò ní kí ìjọba dá iye lé ohunkóhun. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ gbogbo nípa ọjà rẹ̀, kí ẹni tó ń rà wá fúnra rẹ̀ pinnu. Ọ̀nà mìíràn ni Nàìjíríà gbà bẹ̀rẹ̀: ìjọba ló ń dá iye. Iye náà sì máa ń kéré. Fún ẹni tó bá rí ra, èrè ni. Ẹni tó sì rí rà jù ni ẹni tó wà ní Èkó, tó lówó nílẹ̀ tàbí tó lè yá a ní báǹkì, tó sì tètè gbọ́. Ẹni tó ń ta ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́ kì í gbọ́ títí fọ́ọ̀mù fi máa tán. Àǹfààní tí wọ́n ní ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni dọ́wọ́ àwọn díẹ̀.

Ní 1976, ìgbìmọ̀ tí Dókítà Pius Okigbo darí yẹ gbogbo ètò ìṣúná wò. Lára ohun tó tìdí iṣẹ́ wọn jáde ni pé Lagos Stock Exchange di Nigerian Stock Exchange ní oṣù kejìlá 1977. Ohun kejì ni pé kí àjọ gidi kan rọ́pò Capital Issues Commission. Òfin ológun nọ́ńbà 71 ti ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 1979 ló dá SEC sílẹ̀, wọ́n sì ní kí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1978. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1980. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú: ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú kí Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ tó gbé ìjọba fún Shehu Shagari.

Bákan náà ló rí nígbà kejì. Ní 1996, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Dennis Odife darí sọ pé òfin ọjà ṣíà ti fọ́nká jù, pé ó yẹ kó wà lójú kan. Òfin Investments and Securities, nọ́ńbà 45 ti 1999, jáde ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tó kúrò lórí oyè. Òun ló fagi lé òfin 1961 àti òfin SEC tí wọ́n ti tún ṣe ní 1988. Òun ló sì dá ilé ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìdókòwò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin 2002, kí ẹjọ́ ṣíà má bàa sùn sí kóòtù gbogbogbòò fún ogún ọdún. Òfin méjèèjì yìí, tí gbogbo ohun tó kù dúró lé lórí, ni àwọn ológun buwọ́ lù bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Kò sí aṣòfin kankan láti Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tó jókòó jiyàn lé wọn lórí. Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí òfin orílẹ̀-èdè fi àkóso ọ̀rọ̀ yìí sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ilé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó kò lè dá ti ara rẹ̀ ṣe, bí ọjà ṣíà tilẹ̀ wà ní Customs Street, nínú ìpínlẹ̀ náà gan-an.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé iṣẹ́ ìjọba láti 1988, lábẹ́ ìgbìmọ̀ tí Hamza Zayyad darí, ó sì fi apá kan sílẹ̀ fún olówó kékeré. Àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ra ọgọ́rùn-ún kan, igba kan. Ìwé ẹ̀rí ṣíà máa ń wá nínú àpòòwé: pépà tó nípọn, orúkọ ẹni lórí rẹ̀, iye ṣíà ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, nọ́ńbà ìwé, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí inú àpótí ìwé ilé ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí èrè bá jáde, ìwé owó kékeré kan á tún gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Bí ẹni náà bá kó kúrò ní àdírẹ́sì tó kọ, tàbí tí wọ́n ṣi sípẹ́lì orúkọ rẹ̀, èrè náà á máa sùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ onípìn-ín. Láti 1997, Central Securities Clearing System bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìwé wọ̀nyí di àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ó sì dín jìbìtì àti ìwé ayédèrú kù gan-an. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwé ló ṣì wà nínú àpótí, tí ẹni tó ni wọ́n ti kú, tí àwọn ọmọ kò mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjogún ní kóòtù kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Àsìkò tí òwò ṣíà gbòde jù lọ dé lẹ́yìn ọjọ́ 6 oṣù keje 2004. Charles Soludo, gómìnà báǹkì àpapọ̀, ní báǹkì tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá tó bílíọ̀nù 25 náírà ní òpin 2005 kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Báǹkì 89 di 25. Ọ̀dọ̀ aráàlú ni wọ́n sáré wá láti rí owó náà. Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì gbé fọ́ọ̀mù wọ ọjà, wọ́n gbé e wọ ọ́fíìsì. Ṣíà ń gòkè lójoojúmọ́, ẹni tí kò rà ń kábàámọ̀. Báǹkì tún wá ń yá èèyàn lówó láti fi ra ṣíà, ṣíà náà ni wọ́n sì gbà ní ohun ìdúró. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ owó mọ ibi tí ìyẹn ń lọ: bí iye bá já, gbèsè àti ohun ìdúró jọ já lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ó já. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2008, ìwọ̀n ọjà náà wà ní 66,371. Nígbà tí ọdún máa fi parí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 31,450; ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ó lọ sábẹ́ 20,000. Owó ìfẹ̀yìntì, owó ilé tí wọ́n fẹ́ parí, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò Soludo ní báǹkì àpapọ̀, yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan, ó sì da 420 bílíọ̀nù náírà sínú àwọn báǹkì náà kí wọ́n má bàa wó. SEC ní òfin lọ́wọ́ ní gbogbo àkókò yìí. Odindi òfin tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní 2007, èyí tó jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ ìṣírò owó Cadbury, tí wọ́n bù mọ́ ọn pẹ̀lú ohun tó lé ní bílíọ̀nù 13 náírà, ṣì ń gbóná. Òfin náà di ẹrù ìṣírò ru ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti àwọn aṣàyẹ̀wò owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó orí ṣíà ń wú lójú àjọ náà, kò sì pariwo tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀bi yẹn wà lọ́rùn un.

Ọdún 2009 náà ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bí ṣíà African Petroleum ṣe ń já wálẹ̀. Alága ilé iṣẹ́ epo náà ni Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá, ọmọ Sir Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti Odoragunshin ní Ẹ̀pẹ́, gómìnà Èkó tẹ́lẹ̀ rí. Ó fẹ̀sùn kàn pé àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ń ti iye rẹ̀ wálẹ̀ ni, SEC sì ní láti wádìí. Ní oṣù kẹjọ 2010, lábẹ́ Arunma Oteh, ọ̀gá àgbà SEC nígbà náà, àjọ náà ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó yọ ọ̀gá àgbà ọjà ṣíà, Ndi Okereke-Onyiuke, ó sì fi Emmanuel Ikazoboh ṣe alákòóso fìdíhẹ. Ọjọ́ yẹn ni àṣà 1961, tí àwọn ọlọ́jà fi jẹ́ adájọ́ ara wọn, kógbá wọlé.

Orúkọ Ọ̀tẹ́dọlá, ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí, tún jáde ní oṣù kẹwàá 2021. Ìròyìn ń jà pé ó ti kó ṣíà rẹpẹtẹ jọ ní FBN Holdings. Ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ní òun kò mọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kejì ó jẹ́wọ́ pé ó ti ní 5.07 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí i bí ìròyìn olówó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ fún onípìn-ín kékeré jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin ní ẹni tó bá ti ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún kò gbọ́dọ̀ fara pamọ́ mọ́, nítorí ẹni tó ní ṣíà 1,000 lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó ń bọ̀ wá darí ilé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ wà.

Òfin ọjà ṣíà àti bọ́ǹdì tún wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ gangan. Bí ìpínlẹ̀ kan bá fẹ́ ta bọ́ǹdì, SEC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìpínlẹ̀ náà á sì kọ ìwé àṣẹ tí kò ṣeé yí padà pé kí wọ́n máa yọ owó tó máa san gbèsè náà láti orísun kó tó dé ọwọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ ni Èkó ṣe rí 100 bílíọ̀nù náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Lára iṣẹ́ tí Gómìnà Sanwó-Olú ní wọ́n máa fi owó náà ṣe ni ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà Agric sí Ìṣawo àti ọ̀nà tó lọ sí Igbógbó ní Ìkòròdú.

Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ọjà tí wọ́n mọ̀ kò sí ní Customs Street. Sogúndogójì ni. MMM wọ Nàìjíríà ní òpin 2015, ó ṣèlérí èrè 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà tó dá a sílẹ̀, ti fi irú ètò kan náà kó owó àwọn ará ìlú rẹ̀ jẹ ní àwọn ọdún 1990. SEC kìlọ̀, báǹkì àpapọ̀ kìlọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti san tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò gbọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 2016, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí Kérésìmesì pé, wọ́n ti owó pa. Àjọ NDIC, tó ń ṣe ìdúró fún owó inú báǹkì, sọ pé àwọn èèyàn tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta ló pàdánù 18 bílíọ̀nù náírà. Òfin 2007 ní kí ẹni tó bá ń gba owó ìdókòwò forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ sogúndogójì kó sì fi ìyà tó tó jẹ ẹ́. Ihò yẹn ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ní Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ ni ìpolówó náà ń fi bojú. Ẹ san owó ilẹ̀ lónìí, wọ́n á ní, ẹ má kọ́ nǹkan kan, a máa rà á padà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú èrè lẹ́yìn ọdún kan. Ohun tí onítọ̀hún ń tà níbẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀. Bí èèyàn púpọ̀ bá da owó pọ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan, tí wọ́n ń retí èrè láti inú iṣẹ́ tí òun nìkan máa ṣe, ìdókòwò ni, SEC ló sì ni ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àṣẹ. Ìwé survey kò yí ìyẹn padà, ìyàtọ̀ yìí ni ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ ní ọ̀nà Itoikin mọ̀ kó tó fi owó ránṣẹ́.

Òfin tuntun, Investments and Securities Act 2025, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2025. Ó dárúkọ sogúndogójì ní gbangba, ó sì fi ìtanràn 20 mílíọ̀nù náírà àti ẹ̀wọ̀n ọdún 10 dè é. Ó mú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi bitcoin wá sábẹ́ SEC, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ti òun kì í ṣe ìdókòwò. Inú Emomotimi Agama, ọ̀gá àgbà àjọ náà, dùn sí i. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, CBEX, sogúndogójì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, wó. Ó ti pariwo èrè ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, iye owó tí ìròyìn sì ní ó bá a lọ ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, wọ́n kó àga àti ẹ̀rọ lọ. SEC ní CBEX kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun rí.

Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó fi owó síbẹ̀ ló mọ̀ pé ìwé orúkọ kan wà tí wọ́n lè yẹ̀ wò? Orí ìkànnì SEC ni ìwé náà wà, ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ kò sì ṣàìmọ fóònù: nígbà tí MTN ta ṣíà 575 mílíọ̀nù ní 169 náírà ní òpin 2021, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti rà á, láìrí alágbàtà sójú. Ohun tó kù ni pé kí SEC fúnra rẹ̀ dé ibi tí àwọn èèyàn wà. Ọjà Sábó ní Ìkòròdú, etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ọgbà LASUSTECH: kò sí èyí tó jìnnà jù fún àjọ tó ní owó láti ṣe ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì Abuja. Kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, kí alájọ gan-an wà lára àwọn tí wọ́n máa pè, nítorí òun ni àwọn èèyàn ń gbọ́ tirẹ̀.

Apá kan wà nínú òfin 2025 tí àwọn ìwé ìròyìn kò kà sí tó bó ṣe yẹ, tó sì kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ju ọ̀rọ̀ bitcoin lọ. Ó fún ọjà ohun ọ̀gbìn ní ìlànà, ó sì fi agbára òfin ti ìwé tí ilé ìkẹ́rùsí máa ń fún àgbẹ̀ lẹ́yìn. Àgbẹ̀ tó bá kó ìrẹsì sí ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n fọwọ́ sí á gba ìwé tó sọ iye àti bó ṣe dára sí; ó lè ta ìwé náà, ó sì lè fi yáwó, láìjẹ́ pé ó sáré ta ìrẹsì ní pọ́ọ́kú nígbà ìkórè. Ìmọ́tà, ní agbègbè Ìkòròdú, ni ilé ìfọrẹsì Èkó wà, tó lè fọ tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kìíní 2023, tó sì ń gba ìrẹsì láti àwọn ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Ní Kétu-Ereyun ní Ẹ̀pẹ́ ni ìjọba Èkó ti ń kọ́ ibùdó oúnjẹ ńlá rẹ̀. Bí SEC bá fẹ́ kí apá òfin yìí ṣiṣẹ́, ilé ìkẹ́rùsí tó yẹ kó kọ́kọ́ fún níwèé àṣẹ wà ní ìlú méjèèjì yìí.